Bolzplatz, Verein, adágún àbí kẹ̀kẹ́: èwo ni kí ẹ mú ní Berlin?

Ẹni tó bá dé Berlin lóṣù kẹfà á rò pé fàájì ni gbogbo ìlú ń ṣe. Oòrùn kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́. Èèyàn kún etí omi, àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn kan ń gun kẹ̀kẹ́, àwọn mìíràn ń sun ẹran lórí èédú. Nígbà yẹn, kò sí èyí tí ẹ mú tí kò ní dùn. Àmọ́ tó bá di oṣù kejìlá, oòrùn á ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù, kì í sì í yọ títí aago mẹ́jọ àárọ̀ á fi kọjá. Òṣìṣẹ́ á jáde nílé nínú òkùnkùn, á sì padà wọlé nínú òkùnkùn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn èèyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé kí wọ́n má fi oṣù kẹfà yan eré ìdárayá. Oṣù kọkànlá ni kí wọ́n fi yàn án. Bí ẹ bá ń fi nǹkan méjì wé ara wọn, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: èwo nínú méjèèjì ló lè gbé mi dìde lórí àga nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí òjò ń rọ̀ wínníwínní? Owó ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èdè, lẹ́yìn náà irú èèyàn tí ẹ máa bá pàdé.

Bolzplatz àbí Verein

Bolzplatz ni wọ́n ń pe pápá bọ́ọ̀lù kékeré inú àdúgbò, èyí tí wọ́n fi wáyà gíga yí ká, tí ẹnikẹ́ni sì lè wọ̀. Ó pọ̀ káàkiri Berlin. Ẹ ó bá ọmọ Tọ́kì, ọmọ Lárúbáwá, ọmọ Gánà àti ọmọ Jámánì níbẹ̀. Ẹ dúró lẹ́bàá wáyà, ẹ ní ẹ fẹ́ wọlé. Bí wọ́n bá ti na ẹgbẹ́ kan jáde, wọ́n á pè yín. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí owó, ọ̀rọ̀ Jámánì mélòó kan sì tó. Fún ẹni tó dé lọ́sẹ̀ yìí tí kò tíì mọ ẹnì kankan, n kò mọ ohun tó dáa jù ú lọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò so yín mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ jọ gbá bọ́ọ̀lù lónìí lè má wá mọ́. Ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, òun náà ò mọ tiyín. Ọ̀pọ̀ pápá bẹ́ẹ̀ ni kò sì níná. Bí oṣù kẹwàá bá ti ń lọ sópin, wọ́n á ti ṣófo nírọ̀lẹ́.

Verein ní tiẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní kóòtù. Ohun tí e.V. tí ẹ ń rí lẹ́yìn orúkọ wọn ń sọ nìyẹn. Èèyàn méje péré tó láti fi forúkọ ọ̀kan sílẹ̀, ti eré ìdárayá nìkan ní Jámánì sì ti lé ní 80,000. Berlin gan-an wà lára ibi tí àṣà yìí ti ṣẹ̀. Inú Hasenheide, ọgbà ńlá tó wà níbi tí àdúgbò Neukölln àti Kreuzberg ti pàdé, ni Friedrich Ludwig Jahn ti ṣí pápá ìdárayá gbogboogbò ní 1811, ère rẹ̀ sì wà níbẹ̀ dòní. Ẹni tó bá ti ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rí nílé mọ bó ṣe ń rí: alága, akọ̀wé, akápò, owó oṣù, ìpàdé ọdọọdún tí wọ́n ti ń jíyìn owó. Bí Verein náà ṣe rí nìyẹn. Láàárín 10 sí 25 Yúrò lóṣù ni àgbàlagbà sábà máa ń san. Tẹ́níìsì àti ọkọ̀ ojú omi wíwà máa ń wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, wọ́n á jẹ́ kí ẹ wá lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́fẹ̀ẹ́. Probetraining ni wọ́n ń pè é. Ẹ tètè dé. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á bọ gbogbo ẹni tó ti jókòó lọ́wọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ẹni tí kò rí rí. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ gan-an ni wọ́n fi ń pe ara wọn, kódà kọ́ọ̀ṣì tó ti tó bàbá yín í bí. Ó máa ń ṣòro fún ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa, àmọ́ bí ẹ bá ń pè é ní ọ̀gá, ara ò ní tù ú. Bí eré bá parí, kò sẹ́ni tó máa pàṣẹ, síbẹ̀ ẹ ó rí i pé àwọn kan ń gbé òpó góòlù kékeré padà sí ẹ̀gbẹ́ pápá, àwọn kan ń kó bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Ẹ bá wọn gbé e. Ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì máa ń tètè rí ẹni tó ń bá wọn gbé ẹrù ju ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá lọ.

Tó bá wá di oṣù kọkànlá, ẹ ó mọ ìyàtọ̀. Iná ńlá wà lórí pápá, ọjọ́ ò yí padà, kọ́ọ̀ṣì á sì ti kọ ọ́ sórí WhatsApp láti àárọ̀ pé ta ló ń bọ̀. Ẹni tí kò dáhùn, wọ́n á béèrè rẹ̀. Nílùú tí èèyàn ti lè lo odindi ọ̀sẹ̀ kan láìrí ẹni tó máa bi í pé ṣé àlàáfíà ló wà, ohun ńlá ni. Èdè Jámánì tí mo rí lẹ́nu àwọn tó ń lọ sí Verein sì sábà máa ń já gaara ju ti ẹni tí kò kúrò nínú kíláàsì lọ, torí orí pápá ò fún ẹnikẹ́ni láyè láti máa ronú gírámà.

Síbẹ̀, ẹ má retí pé kíá ni. Pápá ò tó ní àárín ìlú, àwọn ẹgbẹ́ kan sì ní orúkọ tó pọ̀ nílẹ̀ tó ń dúró, pàápàá ti ọmọdé. Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ rí lábẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Nàìjíríà, wọ́n á ní láti béèrè ìwé ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù ti ọ̀hún kí ẹ tó lè gbá ìdíje. Ẹ tètè sọ ọ́ fún wọn. Ẹni tó bá fi pa mọ́ ló ń dá ara rẹ̀ dúró. Ẹgbẹ́ mìíràn sì máa ń ní kí ọmọ ẹgbẹ́ fi wákàtí mélòó kan lọ́dún ṣiṣẹ́: kíkun ògiri, títa kéèkì lọ́jọ́ ìdíje. Ẹ ṣe é.

Ìwé tí ẹ máa fọwọ́ sí

Ibí ni ilé ìdárayá aládàáni àti Verein ti yàtọ̀ gan-an. Láti oṣù kẹta 2022 ni òfin Jámánì ti sọ pé bí àkókò àkọ́kọ́ tó wà nínú àdéhùn ilé ìdárayá bá ti pé, wọn ò lè tún so yín mọ́lẹ̀ fún ọdún kan sí i. Ẹ lè fi ìkìlọ̀ oṣù kan kúrò nígbàkígbà. Àmọ́ àkókò àkọ́kọ́ yẹn ṣì lè gùn tó ọdún méjì, nítorí náà ẹ wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀ dáadáa. Òfin yẹn kò kan Verein. Ìwé òfin ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Satzung, ló ń sọ ìgbà tí èèyàn lè kúrò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sọ pé ó di ìparí ìdajì ọdún tàbí ìparí ọdún, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ lójú ìwé. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Kündigung sí, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń kúrò, kí ẹ kà á tán.

Káàdì tí èèyàn fi ń lọ sí oríṣiríṣi ibi ìdárayá, bíi Urban Sports Club tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Berlin níbí, dára fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní àkókò kan pàtó, àgàgà bí ilé iṣẹ́ bá ń bá a san nínú owó náà. Ohun tí kò ní fún yín ni ojú tó mọ yín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kò nílò rẹ̀ rárá: Hochschulsport, eré ìdárayá yunifásítì, ló dín owó jù láàárín gbogbo wọn. Wákàtí tí wọ́n bá ṣí ìforúkọsílẹ̀ ni kí ẹ ti wà lórí kọ̀ǹpútà, torí gígun ògiri àti ọkọ̀ wíwà máa ń kún wàrà-wàrà.

Sísáré: Tempelhof, Grunewald àbí parkrun

Tempelhofer Feld jẹ́ pápákọ̀ òfuurufú tẹ́lẹ̀. Wọ́n tì í lóṣù kẹwàá 2008, wọ́n ṣí i fún gbogbo èèyàn lóṣù karùn-ún 2010, nígbà tí ìjọba sì fẹ́ kọ́ ilé sí etí rẹ̀, àwọn ará ìlú dìbò ní 2014 pé àwọn ò fẹ́. Ó lé ní 300 hẹ́kítà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè sáré lórí ọ̀nà tí bàálù ń gbà gbéra nígbà náà, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà méjì, gbalasa, láìsí mọ́tò kan. Bí ẹ bá yí gbogbo rẹ̀ po, ó tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà. Kò sí igi kankan tó máa dá afẹ́fẹ́ dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, á dà bíi pé ẹnì kan fi ọwọ́ tì yín láyà. Ẹ wo òkè, ẹ ó rí bí káìtì ṣe ń jà lójú ọ̀run. Lóṣù keje ẹ̀wẹ̀, kò sí ìbòòji. Ohun tó fi ń bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ni pé wọ́n máa ń ti ẹnubodè nírọ̀lẹ́, wákàtí tí wọ́n sì ń tì í ń yí padà bí oòrùn ṣe ń yí. Wọ́n kọ ọ́ sára ẹnubodè. Nígbà òtútù, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló kù fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán.

Fún ẹni tó fẹ́ sun súyà, Tempelhof ló borí. Ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ti fòfin de ẹran sísun ní Tiergarten, ọgbà ńlá àárín ìlú, láti 2012.

Grunewald jẹ́ igbó tòótọ́, lápá ìwọ̀ oòrùn ìlú, S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìlú, sì ń gbé èèyàn dé ẹnu rẹ̀. Iyanrìn àti ewé gbígbẹ ló wà nílẹ̀, orúnkún á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ òkè, Teufelsberg wà níbẹ̀, nǹkan bíi mítà 120 sókè òkun. Àwókù ilé tí ogun àgbáyé kejì bà jẹ́ ni wọ́n kó jọ di òkè. Afẹ́fẹ́ kì í wọlé, ìbòòji wà. Àmọ́ eégbọn wà níbẹ̀, látìgbà tí òtútù bá ti ń rọ̀ títí di ìgbà tí ewé bá wọ́. Eégbọn yìí lè kó àìsàn Lyme, tí wọ́n ń pè ní Borreliose, ran èèyàn. Bí ẹ bá dé ilé, ẹ yẹ kókósẹ̀, ẹ̀yìn orúnkún, abẹ́ itan àti abíyá wò, kí ẹ sì tètè fi ẹ̀mú tín-ín-rín fà á yọ. Ìwé ìlera á sọ fún yín pé kí ẹ máa ṣọ́ òrùka pupa tó ń gbòòrò sí i. Lára awọ dúdú, òrùka yẹn kì í pupa kedere. Ó lè dà bí ojú ibi tí èèyàn ti fi ara gbá nǹkan, tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ àlùkò, ọ̀pọ̀ dókítà ò sì rí irú rẹ̀ lára èèyàn bíi tiwa rí. Bí ẹ bá rí nǹkan tó ń gbòòrò níbi tí eégbọn ti jẹ yín, ẹ lọ sọ ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ojú lásán wò ó kí wọ́n ní kí ẹ máa lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ẹ máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ kì í ṣe ti Lyme. Àìsàn ọpọlọ kan tí eégbọn ń gbé kiri ló wà fún, gúúsù Jámánì ni ìyẹn sì ti pọ̀ jù.

Parkrun, eré sísá tí èèyàn ń jọ ṣe nínú ọgbà, wà láàárín àdáṣe àti ẹgbẹ́. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, aago mẹ́sàn-án, kìlómítà márùn-ún, nínú Hasenheide kan náà tí Jahn lò. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ mú bákóòdù yín wá, ó tán. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn wà níbẹ̀, àwọn tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ wà níbẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Òjò kì í sábà dá a dúró. Bí ẹ kò bá tíì ṣe tán láti wọ Verein, èyí ni mo fi ń rọ́pò rẹ̀ fún yín, torí ojú kan náà lẹ ó máa rí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá wà lára eré gígùn yóò sì mọ̀ pé ilẹ̀ Berlin tẹ́ pẹrẹsẹ: níbí ni Eliud Kipchoge, ọmọ Kẹ́ńyà, ti fi wákàtí 2:01:09 parí máráfọ́ọ̀nù ní 2022.

Omi

Lórí omi, n kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà nítòsí ọ̀sà tàbí odò ńlá, ìkìlọ̀ tí wọ́n sì fi tọ́ wa ni pé ká má súnmọ́ ọn. A ò kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí a dé ibi tí gbogbo ọ̀rẹ́ ti ń fò sínú adágún, ojú tì wá láti sọ ọ́. Gẹ́gẹ́ bí DLRG, àjọ tó ń dóòlà ẹni tó ń rì sómi ní Jámánì, ó kéré tán èèyàn 411 ló kú sómi ní orílẹ̀-èdè náà ní 2024, inú adágún àti odò sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ṣẹlẹ̀.

Schlachtensee àti Krumme Lanke lẹ́wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, ọkọ̀ ojú irin S1 á gbé yín dé ti àkọ́kọ́, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ U3 á gbé yín dé èkejì. Omi mọ́, igi yí wọn ká. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ yín níbẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ omi sì lè jìn lójijì. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ̀ọ́ wẹ̀ dáadáa ni wọ́n wà fún. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè fẹsẹ̀ yí Schlachtensee po, nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún ààbọ̀, kó sì gbádùn rẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ kan omi.

Strandbad Wannsee, tí wọ́n ṣí ní 1907, ní iyanrìn tó lé ní kìlómítà kan, ó ní àwọn tó ń ṣọ́ omi, ó ní ibi tí omi ò jìn fún ọmọdé. Wọ́n ń gbowó ẹnu ọ̀nà. Fún ìdílé tó ní ọmọ kéékèèké, ẹ san owó náà. Ibì kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń wẹ̀ níhòòhò, tí wọ́n kọ FKK sí. Ẹ wo àkọlé kí ẹ tó tẹ́ aṣọ sílẹ̀. Ní àwọn adágún ọ̀fẹ́, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àkọlé máa ń wà. Àṣà wọn ni, kò sì sẹ́ni tó máa dá yín lẹ́jọ́ bí aṣọ tiyín bá bo gbogbo ara.

Ẹni tí kò mọ̀ọ́ wẹ̀, odò ìlúwẹ̀ẹ́ inú ilé ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Berliner Bäder-Betriebe ló ń bójú tó àwọn tí ìlú ní, wọ́n sì ní kíláàsì fún àgbàlagbà tó ń bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ẹ ó bá àwọn ẹni àádọ́ta ọdún níbẹ̀. Fún obìnrin tó di irun tàbí tó ní dàda, fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ tó tóbi wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fìlà kékeré tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà kò ní gba orí yín. Oṣù kọkànlá sì ni kíláàsì yìí dára jù: omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ ó sì ti mọ̀ọ́ wẹ̀ kí oṣù kẹfà tó dé.

Ẹ má wẹ̀ nínú Spree láàárín ìlú, òfin ò gbà á. Ẹ má dẹ ìwọ̀ sínú omi kankan láìní ìwé àṣẹ ìpẹja. Bí adágún bá sì dì nígbà òtútù, ẹ má tẹ̀ ẹ́, bí ẹ tiẹ̀ rí àwọn mìíràn lórí rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ àbí ọkọ̀ ojú irin

Kẹ̀kẹ́ dáa bí ẹ bá fẹ́ kí ìdárayá wọnú ìgbòkègbodò ojoojúmọ́: ẹ fi lọ síbi iṣẹ́, ó ti tán. Ọ̀nà Mauerweg tẹ̀ lé ibi tí Ògiri Berlin gbà tẹ́lẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 160, ẹ sì lè gé e sí wẹ́wẹ́ fún òpin ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Iná funfun níwájú, pupa lẹ́yìn, àti aago, òfin ló béèrè wọn. Ẹ ra ágádágodo tó nípọn, torí wọ́n ń jí kẹ̀kẹ́ gan-an. Deutschlandticket, tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù fún ọkọ̀ èrò, tó ti di 63 Yúrò lóṣù láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026, á gbé yín dé igbó àti adágún Brandenburg, ìpínlẹ̀ tó yí Berlin ká, láìsí owó mìíràn, àmọ́ kò ka kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn. Tíkẹ́ẹ̀tì kẹ̀kẹ́ wà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá ti ní Deutschlandticket tẹ́lẹ̀, mo fara mọ́ ọkọ̀ ojú irin àti bàtà tó lágbára.

Bí ọmọ bá wà nílé

Ìdílé tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba bíi Wohngeld (fún owó ilé) tàbí Kinderzuschlag (fún ọmọ) lẹ́tọ̀ọ́ sí 15 Yúrò lóṣù fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò tíì pé ọdún 18, láti fi san owó Verein. Bildung und Teilhabe ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa kì í béèrè rẹ̀, ó sì dùn mí, nítorí pé owó yẹn sábà máa ń tó gbogbo owó oṣù ọmọ. Nípa omi, Seepferdchen, báàjì ìlúwẹ̀ẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ tí ọmọ gbà nílé ìwé, kò tíì túmọ̀ sí pé ó mọ̀ọ́ wẹ̀. Bronze, báàjì tó tẹ̀ lé e, ni kí ó gbà kí ẹ tó jẹ́ kó dá wọ adágún.

Kí òtútù tó dé

Láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta, oòrùn Jámánì kò lágbára tó láti mú kí awọ ṣe fítámì D, awọ dúdú sì nílò oòrùn ju awọ funfun lọ. Ẹ ní kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó lọ ra oògùn. Rírìn ní ìsinmi ọ̀sán, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà, á ṣe ọkàn yín lóore, ohun yòówù kí ẹ yàn fún ìrọ̀lẹ́.

Fún Verein, ìparí ìsinmi ìgbà ooru ni àkókò tó dára jù láti kọ̀wé, nígbà tí wọ́n ń to ẹgbẹ́ tuntun. Ẹ kọ ọ́ kúkúrú: orúkọ yín, ọjọ́ orí yín, ibi tí ẹ ti ṣeré rí, ọjọ́ tí ẹ lè wá, pé ẹ fẹ́ wá ṣe Probetraining. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ má rò pé wọ́n kọ̀ yín. Ẹni tó ń ka lẹ́tà náà ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe lọ́sàn-án. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ pé àwọn ń ṣeré, kí ẹ mú bàtà yín dání.